Ìhanrun tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé wa

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tó ń ṣe dayálísísì nílé (ẹ̀rọ tó ń bá kíndìnrín tó daṣẹ́ sílẹ̀ fọ ẹ̀jẹ̀, tó sì ń fa omi tó pọ̀ jù lára), ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí, torí ó ṣì ń dùn mí títí dòní pé mi ò tètè fura.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí kíndìnrín Dádì àwọn ọmọ mi ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ la ń lọ, Tuesday àti Friday, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin (dókítà ní ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ, ẹni tó bá ń fi owó àpò ara ẹ̀ san án á mọ ìdí tá a fi ń lọ lẹ́ẹ̀mejì). Ìhanrun ní tiwọn, àtìgbà tí mo ti fẹ́ wọn ni, àwọn ọmọ á ní jẹnẹrétọ̀ Dádì ti tàn, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wá yá, wọ́n á sun wákàtí mẹ́jọ, orí á ṣì máa fọ́ wọn láàárọ̀, wọ́n á sùn lọ tòkèlè-tòkèlè nídìí oúnjẹ, oògùn ìfúnpá mẹ́rin ni wọ́n ń lò, ìfúnpá ò wálẹ̀. Gbogbo wa ń sọ pé dayálísísì ló rẹ̀ wọ́n, nọ́ọ̀sì náà sọ bẹ́ẹ̀.

Lóru Monday kan mo jí lọ tọ̀, mo ṣàkíyèsí pé ìhanrun dákẹ́. Mo tan iná fóònù. Àyà wọn ń gbìyànjú, ikùn ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ò wọlé, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mo kà dé 27 kí wọ́n tó mí gùùù bí ẹni tí wọ́n fà yọ látinú odò, wọ́n sì yíra padà, wọ́n ń sùn lọ, wọn ò mọ nǹkan kan. Èmi ni mi ò rí oorun sùn mọ́. Lóru ọjọ́ kejì mo fi fóònù ká fídíò ẹ̀, fídíò yẹn gan-an ló jẹ́ kí dókítà gbọ́ mi, torí tẹ́ ẹ bá kàn sọ pé ó ń hanrun, wọ́n á ní ta ni kì í hanrun.

Wọ́n ní ká gbé ẹ̀rọ kékeré kan lọ sílé, okùn kan láyà, rọ́bà tín-ín-rín kan nímú, èkejì lórí ìka. Èsì jáde: 38 ní wákàtí kan. Ìyẹn iye ìgbà tí mímí ń dúró tàbí tó ń dínkù o. Dókítà ní tí kò bá tó 5 kò sí wàhálà, tó bá ti kọjá 30, ó ti le. Sleep apnea lorúkọ ẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé omi wà nídìí ẹ̀. Omi tí kíndìnrín ò lè tọ̀ jáde á dúró sẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án, téèyàn bá ti dùbúlẹ̀ á gùn wá sọ́rùn, á fún ọ̀nà ọ̀fun pọ̀. Mo wá ń kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé: lóru Tuesday, lẹ́yìn tí wọ́n bá fa omi, ìhanrun fúyẹ́, lóru Monday tó jìnnà sí dayálísísì jù, ó máa ń burú. Dókítà sọ fún mi pé ní Toronto, wọ́n gbé aláìsàn 14 kúrò lórí dayálísísì ọ̀sán bọ́ sórí ti òru tó ń gùn di àárọ̀, ìdádúró èémí wọn já láti 25 sí 8 ní wákàtí, ọdún 2001 ni wọ́n gbé e jáde. Tiwa ò tíì dé bẹ̀, ṣùgbọ́n a sọ fún dókítà kí wọ́n tún dry weight Dádì wò (ìwọ̀n tó yẹ kí ara wọn jẹ́ tí omi tó pọ̀ jù bá ti jáde), a gé iyọ̀, a gé Màgí àti índómì, ìrọ̀rí wá ga díẹ̀. Oògùn oorun tí oníkẹ́míìsì àdúgbò ń tà fún wọn, dókítà ní ká jù ú nù, ó ń mú ọ̀fun dẹ̀ sí i.

Àbúrò mi ní London fi ẹ̀rọ CPAP ránṣẹ́. Ẹ̀rọ yẹn ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀fun kó má pa dé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìjà ni, wọ́n ń ní mo fẹ́ fi nǹkan dí àwọn nímú pa. Ibi tá a ti wá kó sí pańpẹ́ rèé o: ó ń gbẹ wọ́n lẹ́nu, ni wọ́n bá ń jí lóru mumi, mumi fún ẹni tó ń ṣe dayálísísì! Lọ́jọ́ Friday, síkéèlì fi hàn pé wọ́n ti fi kílò mẹ́rin wúwo sí i, a sì ń bú ẹ̀rọ. Àṣé ẹnu tó ń là lóru ló fà á, a pààrọ̀ sí máàsìkì tó bo imú àti ẹnu, a ń bu omi distilled sí ike inú ẹ̀rọ kí atẹ́gùn lè ní ọ̀rinrin. Ṣùgbọ́n ike yẹn ń jẹ iná ju ẹ̀rọ lọ, tí NẸ́PÀ bá mú un lọ, ínfátà wa ò ní mọ́jú, nítorí náà tí kò bá síná, a máa ń pa ti omi yẹn nìkan, wọ́n á fọ ẹnu kí wọ́n tó sùn, wọ́n á tutọ́ ẹ̀ dànù.

Nísìnyí, orí fífọ́ ti lọ, wọ́n ń wo ìròyìn aago mẹ́sàn-án dópin. Ìfúnpá ṣì ń ṣe ségesège ṣùgbọ́n oògùn ti dín ní ọ̀kan. Rọ́bà etí máàsìkì ló ti ń ya báyìí, mo fi sẹ́lótéèpù dì í, atẹ́gùn ń fẹ́ mi lójú lóru. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta rọ́bà yẹn nìkan n'Íbàdàn, láìra máàsìkì odindi, ẹ bá mi sọ ọ́.