Kánsù gbé katapílà lọ sórí òkè nítorí kẹ̀kẹ́

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni, mo wà nídìí iyán, fóònù ń dún, mi ò sì kì í gbé fóònù tí mo bá wà nídìí iyán, ọmọ Èkìtì ni mí, ẹ má bínú. Ìgbà tó dún lẹ́ẹ̀kẹta ni mo fi ọwọ́ òsì gbé e. Bọ̀ọ̀dá tó ń bá wa tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni, kò kí mi, kò béèrè ará ilé, ó kàn ní "Katapílà ti wà lórí òkè o." Mo fi iyán sílẹ̀ síbẹ̀. Ìyàwó mi rò pé ẹnì kan ló kú.

Kí n tó bá a lọ, kẹ̀kẹ́ tí mò ń wí yìí kì í ṣe Márúwá o, ó jọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ kẹ̀kẹ́ míì mọ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, èyí tí táyà ẹ̀ nípọn, tó ní gíà, tó ní ṣọ́ọ̀kù níwájú kí apá má baà kú téèyàn bá ń gun orí àpáta. Tòkunbọ̀ ni gbogbo tiwa. Ìgbà Kòrónà lọ́dún 2020 la bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ní ká jókòó sílé tí ilé sú wa. A ò ju mọ́kànlá lọ, tíṣà wà nínú wa, télọ̀ wà, ọmọ yunifásítì méjì, àti nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ pé tó bá di ká gun òkè, ẹ̀yìn ẹ̀ ni gbogbo àwa ọkùnrin ń wò. Mi ò ní dárúkọ ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ torí a ṣì ń bá wọn sọ̀rọ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n ní èmi ni mò ń ba kánsù jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èkìtì ni ṣá, òkè sì wà níbi gbogbo lọ́dọ̀ wa, òkìtì ni wọ́n ní ó bí orúkọ wa.

Ipa ọ̀nà tá à ń gun kẹ̀kẹ́ gbà lórí òkè yẹn, àwa kọ́ la kọ́kọ́ là á. Ọ̀nà oko ni, ibẹ̀ làwọn bàbá wa ń gbà lọ sóko kòkó, ṣùgbọ́n ọ̀kadà dé, wọ́n la ọ̀nà míì gba ẹ̀yìn òkè, kò wá sẹ́ni tó ń gba ibẹ̀ mọ́ àfi ọdẹ àtàwọn tó ń ṣẹ́gi. Àwọn bàbá wa náà ò kúkú ní sùúrù, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀nà yẹn lọ tààrà láti orí òkè bọ́ sísàlẹ̀ bí ìgbà téèyàn ta okùn. Ọ̀nà tó bá lọ tààrà báyẹn, àgbàrá náà á sọ ọ́ di tiẹ̀. Ìgbà tá a débẹ̀, omi ti gbẹ́ ẹ wọ inú dé orúnkún, gbòǹgbò igi ti yọ síta bí egungun.

Nọ́ọ̀sì ló lọ kàwé. Ó ní àwọn tó ń ṣe irú ọ̀nà yìí lókè òkun ní ìlànà kan, ìdagẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ò gbọdọ̀ ju ìdajì ìdagẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òkè tó gbà kọjá lọ, kó má sì ju 10 nínú 100, ìyẹn ni pé téèyàn bá rin ẹsẹ̀ bàtà 100, kó má tíì gòkè ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ. Kí ojú ọ̀nà dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí apá ìsàlẹ̀ kómi lè ṣàn kúrò lórí ẹ̀. Kí ọ̀nà tó ń sọ̀ kalẹ̀ sì máa gbé orí díẹ̀ lóòrèkóòrè, torí omi ò mọ òkè gùn, tó bá débẹ̀ dandan ni kó yà. Ohun tá a ṣe nìyẹn. Oṣù méje gbáko, ní Sátidé-Sátidé, pẹ̀lú ọkọ́ àti dígà àti ṣọ́bìrì kan ṣoṣo tá a jọ ń du. Ibi tó ti ga jù a yí i kọ́lọkọ̀lọ bí ejò. Òjò ọdún tó tẹ̀lé e rọ̀, òjò Èkìtì tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn, ipa wa ò yẹ̀.

Ẹ̀bi tiwa náà wà, mi ò ní bò ó. A gé igi kòkó kékeré mẹ́ta tí í ṣe ti bàbá kan, a rò pé ó hù fúnra ẹ̀ ni. Bàbá bú wa bí ẹní bú ẹrú, a bẹ̀ ẹ́, a san owó, a tún gbin òmíràn. Èkejì, a gbé obì àti ṣìnáàpù lọ bá àwọn àgbà ìlú, àgbà ìjòyè kan fi ọwọ́ ara ẹ̀ fi ibi tá ò gbọdọ̀ dé lórí òkè hàn wá, a ò sì débẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kánsù, a ò lọ bá wọn. Lójú wa, kí ló kan kánsù nínú ọ̀nà oko?

Nǹkan bí oṣù méjì kí katapílà tó dé la rí péńtì pupa. Ẹ̀yin náà mọ péńtì pupa ìjọba. X ńlá, wọ́n wá kọ REMOVE sábẹ́ ẹ̀, lára àpáta! Télọ̀ ní ṣé àwa la máa gbé àpáta kúrò ni, a rẹ́rìn-ín títí, a yà fọ́tò níwájú ẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ ká lọ sí ọ́fíìsì wọn.

Ìgbà tí mo gun òkè débẹ̀ ní Wẹ́sìdeè yẹn, iṣẹ́ ti parí. Dírẹ́bà katapílà jókòó, ó ń fa píọ̀ wọ́tà mu. Ohun tá a fi oṣù méje ṣe, ìdajì ọjọ́ ló gbà á. Kò tiẹ̀ tẹ̀lé kọ́nà wa kankan, tààrà ló gbà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fẹ̀ tó ọ̀nà mọ́tò, ilẹ̀ pupa lásán. Mo wo ọkùnrin náà, ó wò mí, ó ní "Ọ̀gá, wọ́n ní kí n wá ṣe é ni." Kí lẹ fẹ́ kí n sọ fún un? Mo kàn ń rò ó lọ́kàn mi pé kánsù tí gọ́tà iwájú ọjà ti dí mọ́ lọ́wọ́, tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń ní òun ò lówó, ibo ló ti rí owó epo dísẹ́ẹ̀lì tí katapílà ń mu? Àbí owó tí Supreme Court ní kí wọ́n máa san tààrà fún kánsù ní July 2024 ti ń wọlé ni? Mi ò tíì rí i lójú gọ́tà.

Lọ́jọ́ kejì a lọ bá wọn. Ọ̀gá tá a bá lórí tábìlì kì í ṣe èèyàn burúkú, ó ní ká jókòó, ó ní kí wọ́n wá àga kún un. Ó ní a ò gbàṣẹ. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jà, ṣùgbọ́n mo ti ka òfin ní òru ọjọ́ yẹn, ẹnu mi ò ya dáadáa: òfin ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Land Use Act ti 1978 fi ilẹ̀ tí kò sí láàárín ìlú ńlá sábẹ́ kánsù, Fourth Schedule, ìyẹn àfikún kẹrin inú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, sì to iṣẹ́ kánsù lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀nà wà níbẹ̀, gọ́tà wà níbẹ̀ (ẹ gbọ́, gọ́tà), láìsẹ́nsì kẹ̀kẹ́ ológeere náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti ọmọlanke àti bárò. Mo wá rántí páànù kékeré tí wọ́n kàn mọ́ kẹ̀kẹ́ Ráléè bàbá mi àgbà lábẹ́ síìtì. Nọ́ńbà ló wà lára ẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń rò pé ọ̀ṣọ́ ni.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀ wá ní kẹ̀kẹ́ orí òkè yìí, nǹkan òyìnbó ni, kí ló kan ọmọ Èkìtì níbẹ̀. Ìyẹn ló bí mi nínú. Mo ní ṣé ẹ rántí Atlanta 1996, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, Kanu, Chioma Ajunwa, gbogbo wọn ti ń rẹ́rìn-ín. Mo ní Olympics yẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ sá eré kẹ̀kẹ́ orí òkè, ní July, kí October tó pé tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ kan ló sọ tó dá mi dúró. Ó ní ọ̀nà inú igbó ni ajínigbé ń gbà. Kò sí ọmọ Èkìtì tó máa gbọ́ ìyẹn tó máa fi ṣẹ̀fẹ̀, ní January 29, 2024, ọba wa méjì ni wọ́n pa lójú ọ̀nà, Onímọ̀jọ̀ àti Elẹ́sùn, ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n kó àwọn ọmọ iléèwé lọ ní Ẹ̀múré. Ó ní tí wọ́n bá jí ọ̀kan nínú yín gbé, ta ni wọ́n máa bú? Gbogbo wa dákẹ́. Nọ́ọ̀sì ló fèsì, ó ní sà, ọ̀nà tí èèyàn ń gbà lójoojúmọ́ ni àlejò ti ń hàn, àwa la mọ ojú gbogbo ẹni tó ń gba orí òkè yẹn, àwa la sì máa ń pe olórí ọdẹ tá a bá rí ẹni tá ò mọ̀. Ó ní wọ́n ti wá fẹ ọ̀nà náà báyìí, mọ́tò gan-an lè gbà á. Mo ń wojú ọ̀gá. Ó jọ pé wọn ò ro ìyẹn.

Nígbà tí mo délé mo lọ ka ìtàn àwọn tó bẹ̀rẹ̀ eré yìí, lápá Marin County ní California. Ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ onítáyà ńlá làwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń gbé lọ sórí òkè tí wọ́n fi ń sáré sọ̀ kalẹ̀, Joe Breeze, Gary Fisher, Charlie Kelly àtàwọn yòókù. Ojú ibì kan tí wọ́n ti ń sáré ń jẹ́ Repack, torí búréèkì ẹ̀yìn máa ń gbóná débi pé gíríìsì inú ẹ̀ á jó di èéfín, tí wọ́n bá dé ìsàlẹ̀ wọ́n á tú u, wọ́n á fi gíríìsì tuntun sí i. October 1976 ni eré ìje àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ẹ wá gbọ́ o, ìjọba ibẹ̀ náà ló lé wọn kúrò ní ọ̀nà tóóró, wọ́n ní wọ́n ń dẹ́rù ba àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn àtàwọn tó ń gẹṣin, ọ̀nà gbọ̀rọ̀ ni kí wọ́n máa gbà, kí wọ́n má sì sá ju máìlì 15 ní wákàtí kan lọ, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó sì ń gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn eré mọ́tò dè wọ́n. Níbi tí wọ́n ti bí i ni wọ́n ti lé e! Ní 1988, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ orí òkè tí wọ́n ń pè ní IMBA sílẹ̀ ní California yẹn náà, kí oníkẹ̀kẹ́ máa fọwọ́ ara ẹ̀ tún ọ̀nà ṣe, kó sì máa bá ìjọba jókòó sọ̀rọ̀. Inú ìwé wọn ni nọ́ọ̀sì ti rí ìlànà ìdajì yẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn katapílà, òjò rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ mọ́jú. Omi gba ọ̀nà tuntun yẹn bí ẹni tí wọ́n fìwé pè. Ó gbé ilẹ̀ pupa yẹn kọjá nínú ẹ̀gẹ́ bàbá onígi kòkó wa, ó ya wọ ẹ̀yìn ilé ìyá alákàrà, ó gbé agbada lọ. Ní òwúrọ̀, bàbá náà ló fúnra ẹ̀ pè mí, "Ulẹ̀ mi ti bómi lọ," ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ. Bàbá tó bú wa lọ́jọ́sí! Ó tẹ̀lé wa lọ sí kánsù, ó gbé ẹ̀gẹ́ tómi hú dání pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára ẹ̀, ó kó o lé tábìlì wọn, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀.

A ti kọ lẹ́tà, a fi fọ́tò ọ̀nà wa lẹ́yìn òjò ọdún tó kọjá àti ti tiwọn sínú ẹ̀, a ní kí wọ́n jẹ́ ká tún un yí, kí wọ́n rán ẹni tó mọ iṣẹ́ wá dúró tì wá, a sì ní a máa gba láìsẹ́nsì fún kẹ̀kẹ́ mọ́kọ̀ọ̀kànlá, kí wọ́n sọ iye owó. Akọ̀wé tó gbà á ò mọ̀ pé kánsù ń ṣe láìsẹ́nsì kẹ̀kẹ́. Ó lọ béèrè nínú ọ́fíìsì mẹ́ta, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, kò sì sí fọ́ọ̀mù ẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n fi òǹtẹ̀ lu kọ́pì wa, wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Mo ti tú páànù bàbá mi àgbà kúrò lára Ráléè yẹn, inú àpò mi ló wà, mo fẹ́ fi han akọ̀wé náà.