Kí ẹ tó gbà pé brain box ti jóná lẹ́yìn tí wọ́n bá yín jọ́ǹpù mọ́tò

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa tòkúnbọ̀ bíi tèmi, mo bẹ̀ yín. Bí wọ́n bá bá yín jọ́ǹpù mọ́tò tán (tí wọ́n fi wáyà gba iná láti ara bátìrì mọ́tò mìíràn), tí dáṣíbọ́ọ̀dù wá ṣókùnkùn, ẹ má tíì gbà fún ẹnikẹ́ni pé brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ti lọ. Ẹ ní kí wọ́n ṣí àpótí fíúsì tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ná. Àwọn fíúsì ńlá inú rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi mítà tó ń wọn iná wò. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni tèmi ṣẹlẹ̀, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Iṣẹ́ oúnjẹ ni mo ń ṣe. Mo gba ti ìsọmọlórúkọ kan ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, mo sì ti wà nídìí iná láti òru. Ìrẹsì, ẹran àti mọ́ínmọ́ín ti wà nínú kúlà, kúlà ti wà nínú bọ́ọ̀tù Corolla mi ní Sango, ó ku kí n gbéra. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́, iná dáṣíbọ́ọ̀dù sì ń ṣẹ́jú. Ta ni kò mọ ohùn yẹn nínú wa? Bátìrì ti kú nìyẹn.

Bọ̀dá kan tó páàkì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní òun ní wáyà. Oore ló fẹ́ ṣe, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n wáyà ọwọ́ rẹ̀ ti gbó, gíríìsì ti bò ó débi pé ojú kò lè mọ pupa yàtọ̀ sí dúdú mọ́. Orí ìjókòó awakọ̀ ni mo wà nígbà tó fi gbá orí bátìrì mi mú. Mo gbọ́ "fàà!", iná bù yẹ̀rì, òórùn rọ́bà tó ń jó sì gba inú mọ́tò kan. Ó ti fi ẹnu wáyà tó yẹ kó wà lórí àmì ìròpọ̀ sórí àmì ìyọkúrò. Ó já a kíá, ó tún un fi síbi tó yẹ, ó ní, "Àǹtí, ẹ yí i." Mo yí i. Kò dún rárá. Kẹ́-kẹ́-kẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ pàápàá kò ṣe é mọ́. Mo tẹ fèrè, kò fọhùn. Gíláàsì tí mo ti sọ̀ sí ìdajì kò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀.

Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí dún. Ìyá ọmọ ni. "Àǹtí, àlùfáà ti dé o, ibo lẹ dé?" Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo lọ ṣí bọ́ọ̀tù. Omi ọbẹ̀ ti ń jò láti abẹ́ kúlà kan sórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdérí kúlà ìrẹsì bóyá ó ṣì gbóná. Ó ṣì gbóná, ṣùgbọ́n títí di ìgbà wo?

Rewáyà tí wọ́n pè fún mi kò ṣí nǹkan kan. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó pòṣé, ó ní, "Màmá, brain box ti lọ. Mo lè bá yín mú tòkúnbọ̀ rẹ̀ wá láti ọjà Gate." Owó tó dá lé e ju gbogbo èrè mi níbi iṣẹ́ náà lọ. Ẹkún gbọ̀n mí níbẹ̀, lójú títì. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ mọ́tò kò tó ohun tí à ń sunkún sí. Ẹni tí oúnjẹ àlejò bá wà lọ́rùn rẹ̀ yóò yé e.

Mo fi takisí Micra kó oúnjẹ lọ. Lọ́jọ́ kejì, bàbá rewáyà tó ń tún mọ́tò ọkọ mi ṣe fi mítà wo àpótí fíúsì. Èyí tí wọ́n kọ ALT sí (ti alternator, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́), tí 100A wà lára rẹ̀, ti gé. MAIN náà ti gé. Ó pààrọ̀ méjèèjì, mọ́tò sì dìde. Diode inú alternator, ohun kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, náà ti jó, ó tún un ṣe. Brain box mi wà láàyè títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Bàbá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Bí wáyà bá yí padà, bátìrì méjèèjì á para pọ̀, iná ńlá á gba inú diode alternator kọjá ní ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò ní kó gbà. Fíúsì ńlá ló máa ń kú kí àwọn yòókù lè yè. Òun ni wọ́n fi sọ́nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo pé òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Mi ò sọ pé brain box kì í jó o, ó máa ń jó, mo mọ̀. Mo ní kí ẹ wo fíúsì kí ẹ tó sanwó rẹ̀. Bí ó bá sì ti gé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi wáyà lásán so ó pọ̀ "kó ṣáà lè gbé yín délé". Tí iná bá tún ṣẹ́, mọ́tò fúnra rẹ̀ ni yóò jó.

Àwọn kan máa ń yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní àwọn ń dán alternator wò. Ẹ kọ̀ fún wọn. Iná tó máa ń ta níbẹ̀ lè kọjá 40 volt lójijì, mọ́tò tí à ń lo 12 fún. Mítà ló ń dán alternator wò: bátìrì tó kún máa ń fi nǹkan bíi 12.6 hàn bí ẹ bá pa mọ́tò, bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ó yẹ kó wà láàrin 13.5 sí 14.7. Tèmi ń ka 12.1 lẹ́yìn tí mọ́tò dìde, ibẹ̀ ni bàbá ti mọ̀ pé diode ti lọ.

Tí ẹ bá sì ń jọ́ǹpù, ẹ fojú ara yín wo àmì tó wà lórí bátìrì, ẹ má wo àwọ̀ wáyà. Ìròpọ̀ sí ìròpọ̀, kí ẹnu wáyà tó gbẹ̀yìn wá lọ sára irin ẹ́ńjìnnì mọ́tò tó kú, níbi tó jìnnà sí bátìrì, torí gáàsì tó ń jáde lára bátìrì lè gbiná.

Àwọn nǹkan kéékèèké lè ṣẹ́ kù: gíláàsì lè má gòkè fúnra rẹ̀ mọ́ títí ẹ ó fi tún un kọ́, rédíò Honda lè béèrè kóòdù, aago á padà sí òdo. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí fíúsì bá pé, tí mítà ń ka 14, tí iná AIRBAG tàbí ti ẹ́ńjìnnì ṣì ń tàn, ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ scan tó ń ka kóòdù àṣìṣe inú mọ́tò, kí ẹ sì ní kó fi kóòdù tó jáde hàn yín kó tó dá owó lé ohunkóhun.