Ọ̀sẹ̀ kẹta: omi ti ń gòkè padà nínú páìpù mi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Òjò ló dá mi dúró, gbogbo èédú mi ló rin. Ẹ rántí pé Peltier kékeré yẹn, ohun pẹlẹbẹ tó ń sọ ooru di iná mànàmáná, 40 mìlímítà níbùú lóròó, ni mo fẹ́ fi gba iná lára sítóòfù èédú màmá mi. Ojú kan á gbóná, ìkejì á tutù, iná á jáde. Àmọ́ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló ń mú iná wá, ìdí nìyẹn tí 1.9 vọ́ltì tí mo rí níjọ́sí fi já sí 0.6 kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ojú tútù náà ti gbóná.

Kí n fi pọ́ǹpù yí omi ká? Pọ́ǹpù á jẹ iná náà tán. Mo bá lọ sídìí heat pipe, páìpù tó ń gbé ooru kiri láìlo pọ́ǹpù, irú èyí tí George Grover àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ní Los Alamos, ní Amẹ́ríkà, ní 1963. Omi díẹ̀ nínú páìpù tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ ẹ̀ jáde, á hó kó tó dé 100 dígírì rárá, oru ẹ̀ á sá lọ síbi tó tutù, á padà di omi, òwú tó wà lára páìpù á wá fà á padà. Bí àmù tó ti Òkelele, àdúgbò àwọn amọ̀kòkò ní Ìlọrin, wá sílé wa ṣe ń làágùn náà nìyẹn, omi ń gba ihò wẹ́wẹ́ inú amọ̀. Ihò tó fẹ̀ tó 0.2 mìlímítà lè fa omi gòkè bíi 15 sẹ̀ǹtímítà, èyí tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ á fà á ga sí i àmọ́ á falẹ̀.

Mo bọ́ wáyà, mo ki irun kópà inú ẹ̀ sínú páìpù àlòkù éésì kó ṣe òwú, ọ̀rẹ́ mi onífíríìjì ní àdúgbò Táíwò bá mi fa afẹ́fẹ́ ẹ̀, ó jó ẹnu ẹ̀ pa. Tí ooru bá wà nísàlẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, ṣé omi kúkú mọ ọ̀nà ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n abọ́ omi tútù mi nílẹ̀ ló máa wà, òkè ni ooru máa wà, bí mo ṣe yí i padà báyìí, ìdí páìpù tutù nini. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń wá ibi tó ń jò! Ìgbà tí mo gé e ni mo kán omi sórí kópà yẹn, ó ń yí gbirigbiri bí omi orí ewé kókò. Ọ̀rá ni, ọ́ìlì éésì àti ti ọwọ́ mi.

Mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ há a títí ó fi pupa fòò, mo ṣàn án. Mo tún omi kán sí i, kíá ló mu ún, mo ń wò ó bó ṣe ń gun irun kópà lọ.

Àná la tún un jó. Ooru lókè, abọ́ nísàlẹ̀, 12 sẹ̀ǹtímítà láàárín wọn, 1.7 vọ́ltì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò já! Kò tíì lè ṣáàjì fóònù o, agbára ẹ̀ kéré, iná LED kan ló tàn.

Àwọn kan ń fi sódíọ̀mù, irin rírọ̀ tó ń yọ́ nínú ooru, ṣe tiwọn, ó ń gba inú seramíìkì kọjá, ibẹ̀ niná ti ń jáde, òwú irin ló sì ń fà á padà. Ooru bíi 700 dígírì, sódíọ̀mù tó tún ń gbiná tó bá kan omi. Mi ò gbé ìyẹn wọlé màmá mi.

Màmá mi náà ti ní kí n gbé abọ́ àwọn kúrò nídìí sítóòfù, àwọn fẹ́ fọ ẹ̀wà.