Ẹran Iléyá tó di àríyànjiyàn

Àǹtí mi di ẹran Iléyá fún mi lánàá, díndín, ata rẹ̀ ń ta sánsán. Mo gbé e lọ síbi iṣẹ́ níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí mo ṣe ṣí ike báyìí, Alhaji tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti fa àga. Bàbá Júù tá a jọ ń ṣiṣẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Kò lè jẹ ẹ́, wọn ò pa á nílànà tiwọn.

Mo fi ṣàwàdà pé, "Àgbò tí Ọlọ́run fi dípò Ísákì rèé o." Alhaji gbé eegun kalẹ̀. "Ísákì kẹ̀? Ìsímáílà ni!" Mo ní Jẹ́nẹ́sísì 22 dárúkọ Ísákì. Ó gbà pé Kùránì, Súrà 37, ò dárúkọ ọmọ tí Ábúráhámù fẹ́ fi rúbọ níbẹ̀, àmọ́ Ìsímáílà làwọn àáfà kọ́ òun.

La bá yíjú sí bàbá. Ó ní Ísákì ni lọ́dọ̀ tiwọn náà, wọ́n sì máa ń ka ìtàn yẹn lọ́jọ́ kejì ọdún tuntun wọn. Ó wá tẹ fídíò kan lórí fóònù: ìwo àgbò tó lọ́, tí wọ́n máa ń fun nígbà ọdún yẹn. Ohùn ẹ̀ ò dùn o. Ó há, ó ń gbọ̀n, bí ìgbà téèyàn ń sunkún tí èémí ò délẹ̀. Alhaji dákẹ́, ẹran ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Èmi tí mo fẹ́ sọ pé Jésù ni àgbò yẹn ń tọ́ka sí, mo gbé e mì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nílé tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ wà, ọmọ wo ni wọ́n dárúkọ fún yín?