Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ éjẹ́ǹtì ilé, ìdí tí òǹtẹ̀ fi ṣe pàtàkì

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń bá wa ṣiṣẹ́ ilé àti ilẹ̀ l'Ékòó, ohun tẹ́ ẹ máa ń bi mí jù ni pé, ṣé èrè ìdánwò NIESV, ẹgbẹ́ àwọn adíyelé ilé àti ilẹ̀ ní Nàìjíríà, tó ìyà tó wà nídìí ẹ̀? Tó bá jẹ́ owó éjẹ́ǹtì rúùmù àti pálọ̀ nìkan lẹ fẹ́ máa jẹ láyé yín, ẹ má wulẹ̀ dara yín láàmú. Ayálégbé tó ń wálé l'Ágége ò ní bi yín bóyá ẹ jẹ́ ANIVS tàbí FNIVS, ìyẹn oyè tí ẹgbẹ́ náà ń fún ọmọ ẹgbẹ́. Omi, iná, àti iye tí onílé fẹ́ gbà ló ń bá kiri.

Báńkì ló là mí lójú. Oníbàárà wa kan fẹ́ fi ilé ẹ̀ ní Súrùlérè dúró láti yáwó. Kò sẹ́ni tí ò mọ iye tí ilé yẹn lè pa nínú àwa éjẹ́ǹtì àdúgbò, àmọ́ báńkì ò gbọ́. Ìwé ìdíyelé tí wọ́n ń fẹ́ gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ESVARBON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn adíyelé sílẹ̀, tí òfin ọdún 1975 gbé kalẹ̀. Olóòǹtẹ̀ ló gbowó iṣẹ́. Àwa tá a mú oníbàárà wá, "ẹ ṣeun" la gbà.

Àmọ́ èyí tó tiẹ̀ jù lójú tèmi ni pé ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti lè fẹjọ́ ẹ̀ sùn. Àwọn èèyàn wa tó wà ní London tàbí Houston tí wọ́n ń ra ilẹ̀ n'Íbẹ̀jú-Lẹ́kì, ojú éjẹ́ǹtì ni wọ́n fi ń rí ilẹ̀ náà. Wọ́n sì ti gbọ́ ìtàn éjẹ́ǹtì tó gbowó ilé kan ṣoṣo lọ́wọ́ ayálégbé márùn-ún, tó wá pa fóònù. Ta ni wọ́n fẹ́ fẹjọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sùn? Ẹni tí ìgbìmọ̀ lè yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú ìwé mọ ohun tó máa pàdánù.

Ìwé ẹ̀rí ò kúkú ní bá yín yẹ ilẹ̀ wò o. Mo ti rí sọ́fè tó mọ́ tónítóní, tí òǹtẹ̀ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ wà lára ẹ̀, àṣé inú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà ló bọ́ sí. ESV, ìyẹn adíyelé tó ti forúkọ sílẹ̀, tí ò bá gbé nọ́ńbà ara sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa kó tó ní kí oníbàárà sanwó, kò yàtọ̀ sí éjẹ́ǹtì ojú títì.

Ẹni tí ò ka Estate Management, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ná lọ́dọ̀ LASRERA, àjọ ìjọba Èkó tó ń mójú tó iṣẹ́ ilé àti ilẹ̀. Ẹni tó kà á, ẹ wá ọ̀gá tó ń mú yín lọ wolé, tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ bá òun di téèpù mú. Ọ̀gá tó kàn ń rán yín ní búrẹ́dì àti ẹ̀wà ò lè kọ́ yín níṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú logbook, ìwé tẹ́ ẹ fi ń ṣàkọsílẹ̀ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń kọ́. Èyí tẹ́ ẹ bá jókòó kọ lóru ọjọ́ kan, àwọn àgbà tó máa fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò máa mọ̀: bírò kan náà ló kọ ọdún méjì.