Gáìdì Fáàfù Tó Ti Jẹ: Ohun Tí Iṣẹ́ Kọ́ Wa

Ẹ̀yin àbúrò wa tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ má sáré di èéfín búlúù (àmì pé ọ̀ìlì ń jó nínú ẹ́ńjìnnì) ru ríngì, òrùka ara písítíìnì. Bí ríngì bá ti jẹ, èéfín máa ń rú bí ọkọ̀ bá ń fi ẹrù gun òkè. Ti gáìdì, páìpù kékeré tí ọ̀pá fáàfù ń gbà lọ sókè sódò, yàtọ̀. Ọkọ̀ á dúró pẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ oríta Ṣágámù, ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́jẹ́. Bí awakọ̀ bá tún ti tẹná, èéfín á rú bùù, á sì pòórá. Bí ẹ́ńjìnnì onípẹtiróòlù bá ń yí jẹ́jẹ́ ló máa ń fa nǹkan mọ́ra jù ní ẹnu ínlẹ́ẹ̀tì (ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì), ọ̀ìlì á sì gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá fáàfù wọlé.

Ẹ má pààrọ̀ síìlì, rọ́bà tó ń dí ọ̀ìlì lórí gáìdì, nìkan. Fáàfù tó ń mì nínú gáìdì á ya ẹnu síìlì tuntun láìpẹ́, owó oníbàárà á sì ṣòfò.

Ẹ fi màìkírómítà, irinṣẹ́ tó ń wọn nǹkan tín-ín-rín, wọn ọ̀pá fáàfù lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kí ẹ tó wọn inú gáìdì bẹ́ẹ̀ náà. Gáìdì kì í jẹ dọ́gba: ẹnu méjèèjì ló máa ń fẹ̀ bí ẹnu agogo. Lórí ẹ́ńjìnnì Toyota 1ZZ, tí ọ̀pá fáàfù rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 5.5, àyè tó wà láàárín ọ̀pá àti gáìdì kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 0.08 lọ fún ínlẹ́ẹ̀tì, 0.10 fún ẹ́sọ́ọ̀sì. Ojú lásán kò lè rí ìyẹn. Bó bá sì jẹ́ ọ̀pá ló jẹ, gáìdì tuntun kò ní gbà yín.

Kí ẹ tó lu gáìdì àtijọ́ jáde, ẹ wọn bó ṣe yọ sókè tó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ha èédú tó dì mọ́ ìdí rẹ̀ kúrò, torí bó bá bá gáìdì kọjá, á fá ihò, gáìdì tuntun kò sì ní fún mọ́. Ẹ fi omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó mú tọ́ọ̀pù-sílíńdà, orí ẹ́ńjìnnì tí gáìdì wà nínú rẹ̀, gbóná. Bí ẹ bá fi iná wẹ́dà jó o, á wọ́. Gáìdì tuntun ní tirẹ̀, inú fírísà ni kó wà títí ẹ ó fi lò ó.

Bó bá wọlé tán, ihò rẹ̀ á fún. Ẹ fi ríìmà, irin eléyín tó ń fẹ ihò, ṣí i, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kí ẹ máa yí i sí, títí kan ìgbà tí ẹ bá ń fà á jáde. Bí ẹ bá yí i padà, eyín rẹ̀ á kú, inú gáìdì á sì há. Ẹ ta ọ̀ìlì díẹ̀ sí ọ̀pá fáàfù, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀: ó yẹ kó yọ̀ lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́, láìmì.

Síìtì, ibi tí orí fáàfù ń jókòó lé, ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Àárín gáìdì tuntun kì í bá àárín síìtì àtijọ́ mu. Ẹ gé síìtì lákọ̀tun ní dígírì 45 kí ẹ tó fi pésítì oníyanrìn lọ fáàfù mọ́ ọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ni fáàfù á máa fara kàn, iná á gba ẹ̀gbẹ́ kejì, á jó o, gáìdì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí náà á sì tún máa jẹ.

Bí ẹ bá ti de sípíríìnì tán, ẹ bu kẹrosíìnì sí ihò ínlẹ́ẹ̀tì àti ẹ́sọ́ọ̀sì, ẹ wo ojú fáàfù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tó bá rin, ẹ tú u, ẹ tún síìtì rẹ̀ gé.