Mo wo bọ́ọ̀lù Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ ní Kétu, wọ́n gba owó àlejò lọ́wọ́ mi

Tí ẹ bá ń gba Ìmẹ̀kọ lọ sí Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣẹ́ owó lẹ́nu ààlà. Ọkùnrin kan jókòó sábẹ́ agboòrùn ní Ìlárá, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó béèrè ará ilé, ó béèrè iṣẹ́, ó tún ṣàdúrà fún mi. Ó wá ka 300 sẹ́fà, owó Bẹ̀nẹ̀, fún mi lórí ẹgbẹ̀rún náírà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé inú ọjà Kétu, 380 ni ìyá aláǹkárá kan ń fún àwọn èèyàn, kò sì kí ẹnikẹ́ni. Àdúrà yẹn ni mo sanwó rẹ̀.

Ọlọ́kadà, àwọn tí wọ́n ń pè ní zémíjàn lọ́hùn-ún, pe 2,000 sẹ́fà láti Ìlárá wọ Kétu. Mo ní 500. Ó wo bàtà mi, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, epo ti wọ́n. Nàìjíríà yín ló sọ ọ́ di góòlù.” Kò purọ́ ṣá o. Láti ìgbà tí ìjọba wa ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, kpayo, epo fàyàwọ́ tí wọ́n ń rọ sínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, ti gbówó lórí kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ni mo yọ owó ìrànwọ́? 1,200 la jọ parí ẹ̀ sí, ó sì gbé ìyá kan àti àpò àgbàdo kún mi lójú ọ̀nà.

Ohun tó gbé mi lọ ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá 2025, Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ ní Uyo. Àwọn tó gbọ́n lọ sí Uyo. Èmi, nítorí ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n bí sí Kétu, tó ti ń fi bọ́ọ̀lù dá mi lóró láti ọdún tó kọjá, mo sọdá ààlà lọ wo eré tí wọ́n ń gbá nílẹ̀ mi. Ó ní kí n wá fi ojú ara mi rí bí wọ́n ṣe máa lé wa kúrò nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé.

Ẹnu rẹ̀ sì tó o sọ lọ́jọ́ náà. Bẹ̀nẹ̀ ló wà lókè tábìlì ìsọ̀rí wa pẹ̀lú àmì 17, South Africa ní 15, àwa ní 14. Bí Bẹ̀nẹ̀ bá borí, ó di Ife Àgbáyé, níbi tí wọn ò dé rí látọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ó sì yẹ kí n sọ òótọ́: àwọn ọmọ yìí ti rìn. Wọn ò ní pápá tí wọ́n fọwọ́ sí nílé nígbà náà, Abidjan ni wọ́n ti ń gbàlejò. Kigali ni wọ́n wà lọ́jọ́ Ẹtì, tí Tosin Aiyegun, ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó, fi gba góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n fi borí Rwanda. Ìrìn tiwa náà ò dára: lẹ́yìn tí a na Lesotho ní Polokwane, gíláàsì iwájú bàlúù tó ń gbé àwọn Super Eagles bọ̀ nílé sán lójú ọ̀run, wọ́n ní láti padà balẹ̀ sí Luanda ní Angola. Inú Kétu gbọ́ èyí. Àwọn kan ní àmì ni.

Láàárọ̀, mo lọ wo Àkábà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè tó ń ṣọ́ ìlú lásìkò ogun Dàhọ̀mì, kí wọ́n tó kó Kétu ní 1886. Ó dára, ẹ lọ wò ó. Ọmọkùnrin kan fẹ́ gba owó fọ́tò lọ́wọ́ mi, ìyá àgbà kan fi pàṣán lé e.

Ó wá di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ilé ìwòran náà wà lẹ́yìn ibùdókọ̀: páànù lókè, bẹ́ńṣì tóóró, tẹlifíṣọ̀n kan tí àwọ̀ ewé ti borí àwọ̀ yòókù. 200 sẹ́fà ni ẹni tó wà níwájú mi san. Èmi là á lẹ́nu báyìí, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́,” ó di 500. Mo béèrè ìdí. Ọmọ tó ń gbowó ní, “Ti Osimhen wà nínú ẹ̀.” Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo san án, mo jókòó sí ibi tí òpó ti dí mi lójú.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, Osimhen ti gba góòlù kan, ó ti sanwó ara rẹ̀ padà. Mo fò sókè. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní ìgun kan náà fò. Bàbá kan tó jókòó ti mí kò mira. Ó ní, “Jókòó, ọmọ mi, mo ti rí jù báyìí lọ.” Ó wá bẹ̀rẹ̀: ó ní ní Oṣù Kẹta 2021, ojú omi ni àwọn Super Eagles gbà láti Èkó wá sí Àjàṣẹ́, bí ẹni ń lọ ra ẹja, tí Onuachu sì fi orí kan góòlù wọlé nígbà tí rẹfirí ti fẹ́ fọn fèrè. “Ìyẹn dùn wá. Àmọ́ Oṣù Kẹfà 2024 ńkọ́, ní Abidjan? 2-1! Kóòṣì yín kò dúró gba owó oṣù.” Ó tún rán mi létí pé Gernot Rohr, tí a lé lọ ní 2021, ló ń kọ́ wọn nígbà náà.

Mo fẹ́ fèsì. Iná lọ.

Ẹ gbọ́, mo ti rí jẹnẹrétọ̀, n kò rí irú èyí rí. Onílé fa okùn títí apá fi ń gbọ̀n. Ẹnìkan ní púlọ́ọ̀gì ni, ẹlòmíì ní ó ti mu omi. Wọ́n tú epo rẹ̀ sínú abọ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀ yí ká, àní wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mi kí n gbóòórùn, bóyá nítorí ilẹ̀ wa lepo ti wá. Mo ní kí wọ́n dá owó mi padà. Onílé ní òun kò dá owó iná padà, bọ́ọ̀lù ni òun ń tà. Orí fóònù ọmọ kan, tí dátà rẹ̀ ń dúró tó ń lọ, la ti gbọ́ pé Osimhen ti gba ìkejì.

Iná dé lábala kejì. Kò pẹ́, ìṣẹ́jú kọkànléláàádọ́ta, Osimhen gba ìkẹta. Bàbá yẹn wo onílé, ó ní, “Ẹ pa á padà.”

Onyeka fi ìkẹrin kún un ní ìparí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé 500 mi, àfìgbà tí ẹnìkan ka èsì Mbombela: South Africa na Rwanda 3-0. Àmì 18. Àwa 17, Bẹ̀nẹ̀ 17, góòlù la fi jù wọ́n lọ. Èmi àti bàbá wo ara wa. Gbogbo ariwo wa, ẹlòmíì ti gbé tíkẹ́ẹ̀tì lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé ọ̀dọ̀ oníyán. Iyán funfun, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, wàgàṣì, ìyẹn wàrà, díndín mẹ́ta. 700 sẹ́fà. Mo dúró kí n rí iye tí ẹni tó ṣáájú mi san: 700. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin náà. Mo bu àbùkún, ó fi wàgàṣì kan sí i lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní òun gbọ́ pé wọ́n fi ìyà jẹ mí ní ilé ìwòran. Gbogbo ìlú ti gbọ́. Bí ẹ bá dé Kétu, ẹ béèrè oníyán ẹ̀yìn ibùdókọ̀, kí ẹ jẹun kí ilẹ̀ tó ṣú, torí kì í ṣẹ́kù.

Ní oṣù tó tẹ̀lé e, DR Congo fi pẹnáritì yọ Nàìjíríà ní Rabat, nínú àfikún ìdíje tó ṣì lè gbé wa dé Ife Àgbáyé. Ẹ̀gbọ́n mi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lóru ọjọ́ náà. Kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀rín ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì gbọ́ ohùn bàbá yẹn lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sọ pé kí wọ́n dá owó Osimhen padà fún mi.